Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Bí Owó Ìjọba Bá Kù Díẹ̀ Káàtó

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Gárkì, Àbújá

Alága ìjókòó yìí, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣì ń jí wọkọ̀ ní Nyanya àti Kubwa ní ìdájí, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Suleja, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà láti Wuse tí ẹ palẹ̀ ọjà mọ́ kí ẹ lè wá, ajé á ya ilé yín.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi ìṣirò gbé yín sùn. Mo gbọ́ o. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi níbi iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ bá mi fara dà á bí nọ́ńbà bá yọ́ bọ́ lẹ́nu mi.

Mo ti rí ìgbà tí owó pọ̀, mo sì ti rí ìgbà tí owó wọ́n. Ìgbà tí owó bá wọ́n ni a máa ń mọ irú ẹni tí ìjọba jẹ́, torí ìgbà yẹn ló máa yan ẹni tó máa já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀pọ̀ ohun tí ìjọba wa ń pè ní gígé ìnáwó, kì í ṣe gígé. Nígbà míì, gbèsè ni wọ́n fi pamọ́. Nígbà míì, owó ni wọ́n ń fi ṣòfò, tí wọ́n wá sọ ọ́ lórúkọ ìṣọ́wóná.

Ibo ni owó ń gbà lọ?

N kò ní pẹ́ níbí. Ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ fún ọdún 2025, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún náà, jẹ́ tírílíọ̀nù 54.99 náírà. Nínú rẹ̀, tírílíọ̀nù 14.32 ni ti sísan gbèsè. Tírílíọ̀nù 13.64 ni ti owó oṣù àti àwọn ìnáwó ojoojúmọ́ míì. Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ìṣirò ọjà. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà, náírà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó yá wa lówó kí ẹnikẹ́ni tó ra bírò kan ṣoṣo. Owó oṣù àti ìnáwó ojoojúmọ́ gba bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwọn ilé ìwòsàn, ojú ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́ àti gbogbo ìyókù ló ń du èyí tó kù.

Kí ni wọ́n sì gbé ìṣirò náà lé? Epo rọ̀bì, ní dọ́là 75 fún àgbá kan, àgbá mílíọ̀nù 2.06 lójúmọ́. Ta ni nínú wa níbí ló lè pàṣẹ fún aráyé pé iye báyìí ni kí wọ́n máa ra epo? Ní àárín ọdún 2014, àgbá kan ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ. Ní oṣù Kínní ọdún 2016, kò tó ọgbọ̀n. Ní ọdún 2020 tí àrùn Kòfíìdì dé, dọ́là 57 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ìṣirò. Wọ́n sáré padà sí 28.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Nígbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe ìṣúná ọdún 2020 yẹn, tí owó tó ń wọlé ti já wálẹ̀, àpapọ̀ ìnáwó kò dín kù. Tírílíọ̀nù 10.59 ló wà tẹ́lẹ̀. Tírílíọ̀nù 10.81 ló padà dà. Àrùn wà lóde lóòótọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ náwó sí i, n kò bá wọn jà. Gbèsè ló dí ihò náà. Ṣùgbọ́n gbèsè tí a jẹ nítorí Kòfíìdì kò mọ̀ pé Kòfíìdì ti lọ.

Gígé tó dà bí òdodo

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ jẹ́ kí n rọra tú u.

Báyìí ló ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Owó epo já wálẹ̀. Ìwé á jáde láti òkè, wọ́n á fọ́n ọn ká gbogbo iléeṣẹ́: kí kálukú yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú ohun tí wọ́n fún un. Àjọ tó ń ṣètò abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọdé, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àjọ tí ìwọ àti èmi kò mọ ohun tó ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó máa bínú, torí bákan náà ni wọ́n ṣe é fún gbogbo wa.

Ó dùn ún gbọ́, àbí kò dùn? Ẹ wá wo bàbá kan tí wọ́n dín owó oṣù rẹ̀ kù. Ṣé ó máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú owó ọtí, kó yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú oúnjẹ, kó tún yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú oògùn ibà ọmọ? Ta ló ń lo oògùn ibà ní ààbọ̀? Bàbá tó bá lórí pípé á kọ́kọ́ pa ọtí tì. Ẹni tí kò fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ ọtí rẹ̀ jà ni yóò ní kí a gé gbogbo rẹ̀ lọ́gbọọgba.

Èmi ò rí òdodo kankan nínú gígé lọ́gbọọgba. Ojo ni. Ìjọba tó bá gé lọ́gbọọgba ń sá fún ìbéèrè kan ṣoṣo ni: èwo nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí ni a lè pa tì?

Ohun tó tún burú jù ú lọ ń bọ̀. Ká ní àjọ kan ń gba bílíọ̀nù mẹ́wàá lọ́dún. Bílíọ̀nù mẹ́jọ ni owó oṣù. Bílíọ̀nù méjì tó kù ni owó iṣẹ́: epo ọkọ̀, iná, bébà, ìrìn-àjò lọ sí oko àti abúlé, títún ẹ̀rọ ṣe, èyí tí àwa òṣìṣẹ́ ń pè ní overhead. Wọ́n ní kí àjọ náà yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn bílíọ̀nù kan. Níbo ló ti fẹ́ yọ ọ́? Owó oṣù kò ṣe é fọwọ́ kàn, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ á gbéra. Nítorí náà, inú bílíọ̀nù méjì yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti máa jáde. Ìdá kan nínú mẹ́wàá lórí ìwé ti di ìdajì owó iṣẹ́.

Ìjọba á jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, á ní òun ti tọ́jú bílíọ̀nù kan. Ẹ bá mi bi í léèrè: bílíọ̀nù mẹ́jọ tí o ṣì ń san fún àwọn tí kò ní epo tí wọ́n fi máa jáde ńkọ́? Kí ni wọ́n ń ṣe fún ọ?

Mo rí i lójú ara mi. Ọ́fíìsì ni ó rán mi lọ yẹ ìwé owó wò ní ẹ̀ka kan ní ọ̀nà Funtua. N kò ní dárúkọ àjọ náà. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni kí wọ́n máa lọ bá àgbẹ̀ ní abúlé, kí wọ́n máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lo irúgbìn tuntun àti oògùn kòkòrò. Nígbà tí mo dé, alùpùpù mẹ́rin wà lẹ́yìn ilé, táyà gbogbo wọn ti sọ̀ kalẹ̀, adìẹ ti yé sábẹ́ ọ̀kan. Olórí ẹ̀ka náà jókòó sábẹ́ igi dógóńyárò, ó ń se shayi lórí èédú. Ọmọlúàbí ènìyàn. Ó dìde, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bu tíì fún mi.

Ó gbé ìwé tí wọ́n fi ń buwọ́ lu wíwá síbi iṣẹ́ wá. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni pa iṣẹ́ jẹ. Ìwé náà mọ́, lẹ́tà rẹ̀ gún régé, aago tí wọ́n dé àti aago tí wọ́n lọ wà níbẹ̀. Mo bi í pé abúlé wo ló lọ kẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Alhaji, abúlé wo? Owó epo tí wọ́n fún wa fún oṣù mẹ́ta, kò gbé alùpùpù kan dé Malumfashi kó tún gbé e padà."

Lórí ìwé, òṣìṣẹ́ tó pegedé ni ọkùnrin yẹn. Fún àgbẹ̀ tó wà lóko, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé. Ẹ má sì sọ pé ọ̀lẹ ni o. Ọ̀lẹ kì í kọ aago tó dé sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó gé owó epo rẹ̀ tí kò gé iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tí ń jókòó sábẹ́ igi.

Bí ìjọba bá rò pé iṣẹ́ yẹn kò wúlò mọ́, kó pa ẹ̀ka náà dé, kó gbé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti nílò wọn. Bó bá gbà pé iṣẹ́ náà wúlò, kó fún wọn lépo. Àárín méjèèjì ni owó ti ń rà.

Àìsanwó kì í ṣe ìṣọ́wóná

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, iléeṣẹ́ tó ń pín iná mànàmáná ní Àbújá gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn. Àwọn iléeṣẹ́ àti àjọ ìjọba 86 ló jẹ ẹ́ ní gbèsè, àpapọ̀ rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 47 náírà. Ilé Ààrẹ pàápàá wà nínú orúkọ. Mílíọ̀nù 923 ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jókòó ti ìwé, ó di mílíọ̀nù 342, Ààrẹ sì ní kí wọ́n san án. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Lugbe, bí ẹ bá jẹ owó iná oṣù méjì, ṣé ìwé ìròyìn ni wọ́n máa ń gbé e sí fún yín? Àkàbà ni wọ́n ń gbé wá.

Báwo ni irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ṣe ń pọ̀ jọ? Wọ́n gé owó iná nínú ìṣúná àjọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pa ẹ̀rọ amúlétutù kankan. Iná ń jó, bíìlì ń gun orí bíìlì. Ìnáwó náà kò dín kù, ẹlòmíì ni wọ́n gbé e kọ́ lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà nìyẹn. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2004 yí ètò padà. Owó iṣẹ́ tí a ti ṣe ṣáájú òfin yẹn, ìjọba ló yẹ kó san án sínú àkáǹtì wa bí a bá ti fẹ̀yìn tì. Ọdún ń gorí ọdún, wọn kì í ya owó náà sọ́tọ̀ tó bó ti yẹ. Owó arúgbó kò pariwo, ó rọrùn láti sún un síwájú. Níkẹyìn, ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yá bílíọ̀nù 758 náírà láti fi san gbèsè owó ìfẹ̀yìntì tó ti pọ̀ jọ. Ṣé ẹ rí i? Owó tí wọ́n ní àwọn ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí, wọ́n padà lọ yá a, pẹ̀lú èlé. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yìí ti kú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn.

Àjọ ò ní kú

Ẹ jẹ́ ká lọ sórí èyí tí gbogbo yín ń retí. Ẹ ti ń sọ ọ́ láàárín ara yín kí n tó dìde: "Ṣebí Oronsaye ni."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, Stephen Oronsaye tó ti jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ rí sì ni alága rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, wọ́n gbé àbọ̀ wá, ìwé tó tó ojú ewé 800. Àjọ àti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n kà jẹ́ 541. Wọ́n ní kí àwọn tí òfin dá sílẹ̀ dín kù láti 263 sí 161. Ní ọdún 2014, ìjọba gbé ìpinnu rẹ̀ jáde lórí ìwé náà, ó kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àbá rẹ̀. Ní ọdún 2021, ìjọba Buhari tún gbé ìgbìmọ̀ méjì kalẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ Bukar Goni Aji láti tún ìwé Oronsaye yẹ̀ wò, èkejì lábẹ́ Amal Pepple láti wo àwọn àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ gbọ́ o, lẹ́yìn náà! A ń ṣe ìpàdé lórí bí a ó ṣe dín àjọ kù, àjọ ń pọ̀ sí i.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ aláṣẹ lábẹ́ Ààrẹ Tinúbú wá fọwọ́ sí i pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n da Radio Nigeria pọ̀ mọ́ Voice of Nigeria. Kí wọ́n da àjọ NEMA tó ń rí sí ìjàm̀bá pọ̀ mọ́ èyí tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Wọ́n fún ìgbìmọ̀ tó máa ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjìlá. Títí di àsìkò tí mo dúró níwájú yín yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àjọ náà ló ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn wọn láàárọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe. Ọ̀pọ̀ òjò ló ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti fi mu.

Kí ló fà á? Òfin ni àkọ́kọ́. Àjọ tí òfin bí, òfin nìkan ló lè pa á. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ lè jókòó pinnu títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ kò bá fagi lé òfin tó dá àjọ sílẹ̀, ọ̀gá àgbà rẹ̀ wà lórí àga, owó rẹ̀ sì wà nínú ìṣúná. Àwọn aṣòfin kan náà tí a fẹ́ kó fagi lé e ló ń dá tuntun sílẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹni-tèmi-ni. Gbogbo ọ̀gá àgbà ló ti ìpínlẹ̀ kan wá. Bí ẹ bá da àjọ méjì pọ̀, ìpínlẹ̀ kan á pàdánù ọmọ rẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá sọ pé, ó kéré tán, mínísítà kan gbọ́dọ̀ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá, ìyẹn ni pé kò sí Ààrẹ tó lè ní iye tó dín sí 36. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, mínísítà 45 ni wọ́n búra fún. Mínísítà mélòó ló ń wá láìní ọ́fíìsì, ọkọ̀ àti àwọn olùrànlọ́wọ́?

Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa. Ní oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n fọwọ́ sí àjọ ìdàgbàsókè fún Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn àti Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Ọ̀pọ̀ nínú yín bú sẹ́kún pé wọ́n ń fi owó ṣòfò. Nígbà tó kan ti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, ti ilé wa, ta ló bú sẹ́kún? Mo rántí ìpàdé tí a ṣe níbí lọ́jọ́ náà. Àtẹ́wọ́ ni. Ẹ̀ẹ́ ti rí i? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la fẹ́ kí wọ́n gé àjọ, àjọ ẹlòmíì. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.

Èmi ò sì gbà pé dídà-pọ̀ nìkan ni oògùn. Bí ẹ bá da àjọ méjì pọ̀, tí ẹ ní kò sẹ́ni tó máa pàdánù iṣẹ́, tí ilé tí àwọn méjèèjì háyà ní Wuse Zone 2 àti Maitama ṣì wà lọ́wọ́ yín, tí ọkọ̀ wọn kò dín kan, kí lẹ tọ́jú? Owó oṣù ọ̀gá àgbà kan àti pátákó iwájú ilé. Ibi tí owó gidi wà ni ilé tí a háyà, ẹ̀ka tó wà ní ìpínlẹ̀ 36 tí kò sẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀, àti iṣẹ́ kan ṣoṣo tí àjọ mẹ́ta ń ṣe.

Ti ìrìn-àjò, n ó sọ ọ́ wéré. Ní oṣù Kínní ọdún 2024, Ààrẹ kéde pé àwọn tó ń bá òun rìn lọ sókè òkun máa dín kù láti 50 sí 20. Ó dára. Ó yẹ kí àpẹẹrẹ ti òkè wá. Ṣùgbọ́n ẹni bá rò pé ibẹ̀ ni tírílíọ̀nù wà, kó lọ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Oṣù Kejìlá

Bí mo bá ní agbára láti yí nǹkan kan ṣoṣo padà níbi iṣẹ́ ìjọba, oṣù Kejìlá ni.

Owó tí àjọ kò bá ná títí ọdún fi parí, ìjọba á gbà á padà. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá owó padà lọ́dún yìí, ọdún tó ń bọ̀ wọ́n á ní kò nílò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á gé tirẹ̀. Kí ni ọlọ́gbọ́n á ṣe? Á ná an. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé oṣù Kẹsàn-án, owó kì í dé. Wọ́n á ní a ń retí owó epo. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ á ya dé lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọdún parí.

Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ọkọ̀ kan dé nígbà tí Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀, ó já páálí inki ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sílẹ̀, ó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀. A tú u wò. Inki náà kò bá ẹ̀rọ kankan mu nínú gbogbo ilé náà; irú ẹ̀rọ tó ń lò ó, a ti ta á ní gbàǹjo láti ọjọ́ yìí. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù wò mí, mo wò ó. Ó buwọ́ lùwé pé ọjà dé, ọjà pé, òótọ́ sì ni, ọjà dé, ó sì pé. Àwọn mẹ́sẹ́ńjà wa sọ páálí náà di àga ìjókòó. Mo fẹ̀yìn tì mo fi wọ́n sílẹ̀ lórí rẹ̀.

Lọ́dún kan náà yẹn o, ìwé ti dé sí wa pé owó kò sí, kí a gé ìnáwó wa.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Ẹ jẹ́ kí àjọ tó bá ṣẹ́ owó kù gbé apá kan rẹ̀ wọ inú ọdún tuntun láìsí pé wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà. Ẹ jẹ́ kí owó oṣù Kẹrin dé ní oṣù Kẹrin. Èyí kò pa iṣẹ́ ẹnikẹ́ni run, kò sì fẹ́ ìgbìmọ̀ tí yóò kọ ojú ewé 800.

Àwọn àjọ tó ń pa owó wọlé fúnra wọn tún ní tiwọn. Òfin tó de ìnáwó ìjọba, ti ọdún 2007, sọ pé kí wọ́n dá ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn sínú àpò ìjọba. Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ náà: tó bá ṣẹ́ kù. Ṣé ẹ wá mọ ìdí tí kì í fi í ṣẹ́ kù? Ìpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Uyo, owó ìjókòó ìgbìmọ̀, àjẹmọ́nú lóríṣiríṣi. Ẹ wo ìwé wọn, kò sí olè níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ní ìwé ẹ̀rí.

Àwọn tó ń jẹ owó oṣù

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń ba àwọn kan lẹ́rù. Ìjọba ni oko ìlú Àbújá. Bí owó oṣù bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, ìyá tó ń ta aṣọ ní Wuse ló kọ́kọ́ ń mọ̀, kí mínísítà tó mọ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lílé òṣìṣẹ́ níbí gbọ́dọ̀ rọra sọ ọ́.

Àwọn àgbà inú wa rántí ọdún 1975. Ìjọba Murtala Mohammed lé òṣìṣẹ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Orí rédíò ni ẹlòmíì ti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ìlú pàtẹ́wọ́, torí ìwà ìbàjẹ́ wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn tó ṣẹ́ kù kọ́? Ohun tí èmi rò ni pé wọ́n kọ́ pé iṣẹ́ ìjọba lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítorí náà kí olúkúlùkù tètè kó tirẹ̀ jọ. Àtọjọ́ náà ni olóòótọ́ ti di òmùgọ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní Kàdúná ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC da iṣẹ́ sílẹ̀ torí bí Gómìnà Nasir El-Rufai ṣe ń lé òṣìṣẹ́. Gómìnà ní owó oṣù ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí ìpínlẹ̀ ń gbà láti Àbújá. Ó lè jẹ́ òótọ́. Iná kú, ọkọ̀ ojú irin dúró. Nílé wa ní Ọ̀ṣun ńkọ́? Láti ọdún 2015 títí wọ 2018, wọn kò lé wọn; ìdajì owó oṣù ni wọ́n ń fún àwọn òṣìṣẹ́ àgbà, àwọn tó wà láàárín gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìyókù di gbèsè tí àwọn ìjọba tó tẹ̀lé e ń san. A tún padà síbi gbèsè.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni kí wọ́n ṣe, ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n má gba ènìyàn tuntun síbi tí iṣẹ́ ti tán, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ẹni ọgọ́ta ọdún lọ sinmi lóòótọ́, kí wọ́n má yí ọjọ́ ìbí padà, kí wọ́n sì gbé àwọn tó kù lọ síbi tí ọwọ́ kò ti tó. Ilé ìwé wa ní Gwagwalada àti Kwali kò ní olùkọ́ tó, àwọn tó kàwé gboyè sì ń ka ìwé ìròyìn nínú ọ́fíìsì láti aago mẹ́sàn-án. Ó máa lọ́ra. Ó máa gba ọdún mẹ́wàá. Òṣèlú tó ń wá ìbò kò fẹ́ràn ohun tó ń gba ọdún mẹ́wàá, mo mọ̀.

Kí n tó jókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó dé. Ọ́fíìsì Ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ń gbé ìwé ìṣúná sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mú àjọ kan ṣoṣo, èyí tó bá wù yín, bó jẹ́ èyí tí ẹ̀gbọ́n yín ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ẹ kọ owó oṣù rẹ̀ sí apá kan, kí ẹ kọ owó iṣẹ́ rẹ̀ sí apá kejì. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ sí ìrìn-àjò, iye tí wọ́n kọ sí títún ọkọ̀ ṣe, àti ọkọ̀ mélòó ni wọ́n tún ń rà. Kí ẹ wá bi ẹ̀gbọ́n yín pé kí ni àjọ náà ṣe ní ọdún tó kọjá tí ìlú ò bá ṣaláìní bí kò bá ṣe é. Ẹ mú ìwé náà wá, a ó jọ kà á ní gbangba níbí.

Alága, ẹ ṣeun. Mo ti ṣetán fún ìbéèrè.